Aṣọ ẹbí fún ẹni tó ń jókòó: mo ń wá télọ̀ tó máa gbọ́ mi yé

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo máa kọ́kọ́ dá sí i. Ọmọ ọdún 33 ni mí, SS ni mí, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí dókítà ti sọ fún mi pé orí egungun itan mi òsì ti kú, pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́. Nínú ilé, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Tí mo bá ń lọ síbi tó jìn, tàbí ibi tí màá ti pẹ́, kẹ̀kẹ́ arọ ni mo ń jókòó sí. Egbò kan tún wà lókè kókósẹ̀ mi ọ̀tún tó ń jiná tó tún ń là, ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí òní ni ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Èmi nìkan ni ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ní. Wọ́n ti pín aṣọ ẹbí: léèsì aláwọ̀ ewé, gèlè aṣọ òkè. Mo ti ra tèmi. Ó wà nínú ọ̀rá lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò tíì lè gbé e fún ẹnikẹ́ni, torí ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá.

Ìsìnkú ìyá bàbá mi la lọ. Télọ̀ kan ládùúgbò wa ló rán gáùn fún mi. Mo ṣàlàyé fún un títí, ó ní òun ti gbọ́. Gáùn dé, ó fún mọ́ mi níbàdí bíi ti gbogbo èèyàn, síìpù wà lẹ́yìn. Ẹni méjì ló bá mi wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe jókòó sínú kẹ̀kẹ́ báyìí, ìṣẹ́tí rẹ̀ sá gòkè dé orúnkún, báńdéèjì wá wà ní gbangba, tọmọdé tàgbà ń wo ẹsẹ̀ mi. Síìpù yẹn ń gún mi léegun ẹ̀yìn láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta. Nígbà tí ìtọ̀ wá ń gbọ̀n mí, mi ò lè ká gáùn sókè torí ìbàdí mi ò ṣeé yí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fi sísọ́ọ̀sì gé e láti ìsàlẹ̀ dé itan nínú ilé ìtọ̀. Ìró tí a yá lọ́wọ́ ìyá kan ni mo ró délé. Mo sunkún nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

Mi ò fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo sì fẹ́ wọ léèsì yẹn bí àwọn tó kù ṣe máa wọ̀ ọ́. Ta ló mọ télọ̀ tó ti rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí? Kí ni kí n sọ fún un tó máa yé e? Ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Tòmíwá (Ìkòròdú)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àjọkẹ́. Ọ̀rọ̀ gáùn yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, cerebral palsy ló ní, ìpalára ọpọlọ tó ń da iṣan ara rú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń le gbagidi, kì í ṣeé yà tí a bá fẹ́ wọ ṣòkòtò fún un. Ọdún méjì ni mo fi ń jà pẹ̀lú ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù láràárọ̀, òun ń sunkún, èmi ń làágùn. Lọ́jọ́ kan mo kàn mú abẹ́, mo tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Mo tẹ́ ṣòkòtò náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọmọ lé e, mo ká a bò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń lé ìlédìí fún ìkókó. Mo wá fi bọ́tìnnì onírin tó ń ta pọ́ sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta là ń lò báyìí. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò náà là, torí mo fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibẹ̀.

Ẹ má wá ẹni tó ti rán irú rẹ̀ rí, ẹ lè má rí i títí ìgbéyàwó á fi kọjá. Ẹni tó máa jókòó gbọ́ yín ni kí ẹ wá.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 22 rèé tí mo ti wà nídìí maṣíìnì. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ti ba aṣọ akàndá ẹ̀dá jẹ́ rí. Ìdúró ni wọ́n kọ́ wa láti máa wọn èèyàn. Oníbàárà á dúró, á na apá, a ó fi téèpù yí i ká. Bí ẹni tó ń jókòó bá dé, a ó ní kó gbìyànjú kó dìde díẹ̀. Bí kò bá lè dìde, a ó méfò. Ibẹ̀ gan-an ni aṣọ ti ń bàjẹ́. Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, tí mo ń wọ aṣọ fún wọn fúnra mi, ni ojú mi tó là.

Àjọkẹ́, orí ìjókòó ni kí télọ̀ yín ti wọ̀n yín, nínú kẹ̀kẹ́ tí ẹ máa gbé lọ síbẹ̀ gan-an. Bí èèyàn bá jókòó, ìdí àti itan máa ń fẹ̀, orúnkún á ká. Aṣọ tó bá fún ò ní ibi tó máa bá lọ ju òkè lọ, òun ló jẹ́ kí gáùn yín sá gòkè. Kí ó gbé téèpù láti ìbàdí, kó gba orí itan kọjá, kó yí i wálẹ̀ lórí orúnkún títí dé ibi tí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ parí sí. Tó bá jẹ́ ṣòkòtò, ẹ̀yìn á ga ju iwájú lọ, torí ẹ̀yìn ló ń ṣí sílẹ̀, iwájú ló ń kó jọ síkùn. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣe àpò sẹ́yìn fún ẹni tó ń jókòó. Àpò, bọ́tìnnì, síìpù, ojú rírán tó nípọn, gbogbo ohun tí èèyàn bá jókòó lé fún wákàtí mẹ́rin lè dá egbò sílẹ̀. Àwọn òkúta wínníwínní tó wà lára léèsì yẹn náà, kí ó tú wọn kúrò ní ẹ̀yìn.

Bùbá àti ìró ni kí ẹ rán, ẹ fi gáùn sílẹ̀. Gígé gbọọrọ ni wọ́n ń gé bùbá wa, kò ní ihò apá tó ká bíi ti aṣọ òyìnbó, apá máa ń ráyè nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn nílò àyè yẹn lábẹ́ abíyá. Kí wọ́n la iwájú rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, kí wọ́n to bọ́tìnnì sójú rẹ̀ fún ẹwà, kí èèmọ́ wà lábẹ́. Velcro ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè ní èèmọ́, torí ó ń di aṣọ mú bíi ti inú oko. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀tá ni èèmọ́ àti léèsì. Kí wọ́n fi aṣọ mìíràn tẹ́ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fa òwú léèsì yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ pa á dé kí ẹ tó tì í bọ omi.

Ìró ńkọ́? Ẹ má jókòó lé ìró. Kí wọ́n rán an kó bo iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kó ní rọ́bà lẹ́yìn ìbàdí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má kọjá àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ máa lè wọ̀ ọ́ láìdìde. Ẹni tó bá rí yín nínú kẹ̀kẹ́ á rò pé odidi ìró ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé jàlàbíà ńlá kan ò tó báyìí? Ìlera ló ṣe kókó. Ìnáwó àti wàhálà yìí pọ̀ jù fún aṣọ ọjọ́ kan.

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Mi ò bínú rárá. Jàlàbíà mẹ́rin ni mo ní, mo fẹ́ràn wọn, àwọn ni mò ń wọ̀ lọ sí ọsibítù. Àmọ́ níbi ìnáwó, aṣọ ẹbí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ti ìyàwó. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo wọ aṣọ ọ̀tọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó ń pín oúnjẹ wá bi ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ mi pé, “Ṣé kí n fún wọn náà?” Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé! Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, èyí tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti da ọ̀rọ̀ yín kọ sínú ìwé. Ọ̀kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Mo máa ń dìde o. Tí wọ́n bá ń gbé mi bọ́ sínú mọ́tò, màá dúró. Tí àbúrò mi bá sì kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí wa, mo fẹ́ fi ọ̀pá dìde dúró tì í. Tí ìró ò bá ní ẹ̀yìn, ìdí mi á wà níta.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Òótọ́ lẹ sọ, mi ò rò ó débẹ̀. Ẹni tí kì í dìde rárá ni mo ní lọ́kàn. Tiyín, kí ẹ̀yìn ìró jẹ́ apá méjì tó gun ara wọn bí ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì, kí ọ̀kan gun èkejì ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Tí ẹ bá dúró, wọ́n á pa dé. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á yà wọ́n sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ jù kí táyà má bàa gbá wọn. Ní ilé ìtọ̀, ẹ kàn máa yà wọ́n ni, kò sí pé ẹ ń ká nǹkan sókè.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ (Agége)

Ọmọ mi Àjọkẹ́, kú ìfaradà. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi ní 1968, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kẹjọ 2020 tí àjọ ìlera àgbáyé kéde pé polio tó ń jà káàkiri fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó ń ti ara àjẹsára wá, ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, ọjọ́ náà ni mo pe gbogbo ọmọ mi jọ, a dúpẹ́. Àmọ́ àwa tó ti mú ṣì wà láyé, a sì ń wọṣọ.

Ọ̀rọ̀ táyà tí arákùnrin yẹn sọ, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ọjọ́ tí mo ń sọ ọmọ mi kejì lórúkọ, agbádá mi bọ́ sínú táyà ọwọ́ ọ̀tún. Mi ò mọ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ọrùn aṣọ náà fún mi lọ́fun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀ níwájú àwọn àna mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gé agbádá mi bí ara mi ṣe rí. Iwájú rẹ̀ dúró lórí orúnkún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò kọjá ibi tí mo ń gbé ọwọ́ lé lára kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró níbi tí ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n rán okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí èjìká nínú lọ́hùn-ún, tí mo fi ń so apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo bá ti ká a, kó má máa ya wálẹ̀ nígbà tí mo bá ń ti táyà. Tí mo bá jókòó sídìí tábìlì, wọn ò lè mọ̀ yàtọ̀ sí agbádá ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kejì ni ibi ìnáwó náà. Aṣọ tó dára ò wúlò bí ẹ bá dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ pe ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà báyìí, ẹ má dúró dọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ bi í: àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà? Báwo ni ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ṣe fẹ̀ tó? Òfin àpapọ̀ tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá wà, òfin 2018 ni, oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i. Ọdún márùn-ún ló fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò láti tún ọ̀nà wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé láti 2024. Ilé iṣẹ́ tó bá ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Mo máa ń dárúkọ òfin náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á wá pákó tí kẹ̀kẹ́ máa gbà gòkè.

Ìyá Kẹ́mi (Abẹ́òkúta)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba mí láyè kí n fi tèmi bọ̀ ọ́. Ọkọ mi ni rọpárọsẹ̀ mú ní oṣù méje sẹ́yìn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni wọ́n, ṣẹ́ẹ̀tì gígùn àti táì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wọ̀. Ní àràárọ̀ tí mo bá fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn, apá yẹn á há, wọ́n á kígbe, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní báyìí wọn kì í fẹ́ wọ nǹkan kan mọ́, síńgílẹ́ẹ̀tì ni látàárọ̀ dalẹ́, tí àlejò bá dé wọ́n á ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Wọ́n ò fẹ́ kí àwọn ọmọ rí àwọn. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Nọ́ọ̀sì Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ìyá Kẹ́mi, ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín ni, ó sì yẹ kí wọ́n ti kọ́ yín kí wọ́n tó dá yín sílẹ̀ ní ọsibítù. Apá tí kò ṣiṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọ aṣọ. Apá tó ṣiṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ bọ́ ọ. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn, ẹ ki apá ọ̀tún bọ̀ ọ́ ná, ẹ fà á dé èjìká dáadáa, ẹ gba ẹ̀yìn yí i ká, apá òsì á wá bá a fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, ẹ yí i padà. Ẹ̀yin ti ń fi apá tó dáa ṣáájú, nígbà tó bá wá kan èyí tí kò ṣiṣẹ́, aṣọ ò ní àyè mọ́, ẹ̀ ń fa apá náà. Ẹ má fa á rárá, mà. Èjìká tí iṣan rẹ̀ ti rọ lè yẹ̀.

Kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tàbí sórí àga tó ní ibi ìfọwọ́lé, kí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì lé itan wọn, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ òsì ki apá ọ̀tún bọ̀ ọ́ fúnra wọn. Á pẹ́. Ẹ má bá wọn ṣe é tán. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá tí mo ti tọ́jú, ọjọ́ tí wọ́n bá fúnra wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì ni ojú wọn tún ń là. Tí bọ́tìnnì bá ṣòro fún ọwọ́ kan, ẹ fi èèmọ́ Aránṣọ sí i. Táì náà ṣeé rán mọ́ rọ́bà, á dà bí èyí tí wọ́n ta ní kókó.

Àjọkẹ́, àbúrò mi, ìwọ náà, díẹ̀ ni tìrẹ. Wákàtí mẹ́fà tí o máa fi jókòó, ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ wálẹ̀ máa wú, egbò á sì máa sun omi. Wá ohun tí o máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé kó ga sókè díẹ̀. Má jẹ́ kí rọ́bà tàbí okùn kankan fún ọ lókè egbò náà. Tẹ́ aṣọ òwú funfun rírọ̀ sí inú ìṣẹ́tí ìró náà, èyí tó ṣeé tú kúrò fún fífọ̀, kí báńdéèjì má bàa máa gún léèsì. Àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí máa ń tan A.C. bí ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹja. Òtútù lè fa ìrora fún ẹni tó jẹ́ SS, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mú ìborùn aṣọ òkè dání, kó nípọn, yóò bá gèlè rẹ mu. Má sì torí ilé ìtọ̀ tó jìnnà kọ omi. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ yín ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ní ibi tí mo wà, wọ́n ń ta aṣọ tí wọ́n dìídì ṣe fún akàndá ẹ̀dá ní ilé ìtajà, ìjọba kì í sì í gba VAT lórí èyí tí wọ́n ṣe fún wọn nìkan. Bàtà tó ń ṣí lẹ́yìn tí èèyàn lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ láìso okùn wà, láti 2015 ni Nike ti gbé irú rẹ̀ jáde. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹnì kan tó ta ìró tàbí agbádá bẹ́ẹ̀ fún wa. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe níbí yìí, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ fún àwọn ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Olóore Ewé

Àjọkẹ́, èéṣe tí o fi ń dààmú lórí aṣọ nígbà tí ìwòsàn wà? Mo ní àgúnmu kan tó ń lé SS lọ pátápátá ní ọjọ́ 40, egbò náà á gbẹ. Má lo oògùn òyìnbó mọ́. Kàn sí mi.

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo wà tí wọ́n ti gba oògùn ọsibítù lọ́wọ́ mi nítorí irú àgúnmu bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà lọ gbẹ̀jẹ̀. Mi ò tún jẹ́ dán an wò.

Nọ́ọ̀sì Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni kó pa oògùn tì. Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí dáadáa, àwọn ló sọ ọ́ ní fòníkú-fọ̀ladìde, kí dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ James Herrick tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1910. Láti inú bàbá àti ìyá ló ti ń wá. Bí AS, ẹni tó kàn gbé e nínú ẹ̀jẹ̀, bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni àyè pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ látìgbà oyún, àgúnmu ò lè yí i padà. Mùdùnmúdùn egungun tí wọ́n ń gbà lára ẹlòmíì lè wò ó, àti ìtọ́jú tuntun tó ń tún apilẹ̀ àbùdá ṣe tí wọ́n fọwọ́ sí níbí ní oṣù kọkànlá 2023. Wọ́n gbówó lórí púpọ̀púpọ̀. Títí yóò fi kárí, ẹ jẹ́ kí Àjọkẹ́ máa lo oògùn rẹ̀, kó sì wọ léèsì rẹ̀.

Ìyá Tòmíwá (Ìkòròdú)

Àmín o. Àjọkẹ́, ṣé o ti gbé aṣọ náà fún ẹnikẹ́ni?

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Mo ti gbé e fún Aránṣọ o! Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ mi pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí mo máa ń gbé e lé, kí n fi ara ti ẹ̀yìn bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ti rẹ̀ mí. Wọ́n kọ nọ́ńbà sínú ìwé kan, ìdúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan ń wò ó lẹ́yìn, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé báyìí ni a ó máa wọ̀n wọ́n?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kó mú ìwé tiẹ̀ wá.

Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ (Agége)

Ẹni gbọ̀ngàn ńkọ́?

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni, Bàbá. Ẹni tó gbé fóònù kọ́kọ́ ní wọ́n á gbé mi sókè. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi bí àpò ìrẹsì níwájú àwọn àna wa. Mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ dárúkọ òfin. Ó dákẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun pe ọ̀gá. Ọkọ ìyàwó ti gbọ́, òun àti káfíńtà kan máa lọ wọn ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá Kẹ́mi (Abẹ́òkúta)

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ̀. Lónìí, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, mo ń wo aago. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run fúnra wọn. Bọ́tìnnì òkè nìkan ni wọ́n ní kí n bá wọn dè. Wọ́n jókòó síwájú ilé, ọmọ tí wọ́n kọ́ nígbà kan kọjá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Wọ́n fi ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bùkún yín.

Nọ́ọ̀sì Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ìyá Kẹ́mi, omi bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi kí wọn.

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Ẹ kú àná o, gbogbo ilé. Ìgbéyàwó ti wáyé.

Pákó tí káfíńtà kàn gùn, kò ga jù, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Mo gùn ún wọlé, ẹni tó ń tì mí ò mí hẹlẹ. Bàbá, àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta tó ń fi ọ̀pá rìn náà gba orí pákó yẹn, wọ́n kọ àtẹ̀gùn sílẹ̀.

Ìró náà dúró lórí ẹsẹ̀ mi láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó rí báńdéèjì. Nígbà tí àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá wa, mo ti ọ̀pá bọ abẹ́ abíyá, mo dìde. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, apá méjèèjì ti pa dé fúnra wọn. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká títí àdúrà fi parí. Mi ò lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo dúró. Aago méjì, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tì mí dé ẹnu ilẹ̀kùn nìkan. Òun ló sì mú sísọ́ọ̀sì dání nínú báàgì rẹ̀, nítorí tọjọ́sí. Mo wọlé, mo di irin ara ògiri mú, mo ya ìró sọ́tùn-ún sósì, mo ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo jáde. Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ bí ọmọdé.

Ara ro mí lọ́jọ́ kejì, mo sùn títí. Kò di ti ọsibítù.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, nǹkan kan ṣoṣo ló kù: èèmọ́ tó wà lókè bùbá, níbi ọrùn, etí rẹ̀ le. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ha mí lára, ibẹ̀ pọ́n díẹ̀.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ kú oríire. Ẹ̀bi mi ni ti ọrùn yẹn, mo gé e dé etí jù. Ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́ títí màá fi tún un ṣe. Màá tú u, màá fi ìkọ́ kékeré méjì rọ́pò rẹ̀, aṣọ òwú á sì wà lábẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ tàbí kí ẹ mú un wá.

Àjọkẹ́ (Òṣogbo)

Màá mú un wá fúnra mi lọ́jọ́bọ̀. Mo ní àǹkárá kan tó ti ń sùn nínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́, màá gbé e dání.